Ráútà Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí dá owó. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, tí ojú bá ti ń rí ojú, kì í pẹ́ tí akápò ilé-ibùgbé fi ń gbé ìwé kiri láti yàrá dé yàrá: owó Wáìfáì dà? A ní dátà tí a rà ní sáà tí ó kọjá kò tóbi tó, a ní kí a ra èyí tí ó jù ú lọ, gbogbo wa a sì tọwọ́ bàpò. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, ìgbà mẹ́ta ni mo ti rí i tí a fi kún owó yìí ní ilé kan ṣoṣo, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni fídíò olùkọ́ sì ń yí bírí lójú fóònù bí òkòtò. Èmi kò ní dá a mọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà má dá a, títí a ó fi rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi akápò: níbo gan-an ni ìyára tí a ń rà ń ṣòfò sí?

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí a bá ní kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kí agogo tó lu méjìlá òru, tí iṣẹ́ náà gòkè dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tí ó wá já bọ́, ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà pòórá mọ́ lójú kì í rí ẹni bá ṣàlàyé. Àwa tí a ń kọ́ èdè ni ó tilẹ̀ kàn jù lọ, nítorí etí ni a fi ń kọ́ èdè. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ bí àwọn ará Kétu ṣe ń sọ Yorùbá tiwọn, tí ohùn náà ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà, báwo ni n ó ṣe mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀? Èdè tí a yọ ohùn kúrò nínú rẹ̀, kí ni ó kù níbẹ̀?

Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí ẹsẹ̀ mi ti lè tẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń kó wa sí ìnáwó ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun méjì. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa,” ni gbogbo wa ń wí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Ọ̀nà kan wà tí ó ti ẹ̀yìn odi wá, láti abẹ́ òkun, gba orí òpó ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà, títí ó fi wọ inú ráútà wa. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní ọ̀nà òde. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó ti inú ráútà gba inú afẹ́fẹ́ wá sí ọwọ́ olúkúlùkù nínú yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ọ̀nà ilé. Owó tí akápò ń gbà, ọ̀nà òde nìkan ni ó ń bá lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta dátà kì í ta ọ̀nà ilé. Ọwọ́ àwa tí a ń gbé ilé ni ó wà. Bí a bá gbé táńkì omi tí ó tó yàrá kan sí ẹ̀yìnkùlé, tí páìpù tí ó gbé omi wọlé kò sì ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ, ẹni tí ó bá tún ń dá owó táńkì kejì, kí ni kí a pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àtimọ èyí tí ó ń ṣe wá nínú méjèèjì kò le rárá. Kí ènìyàn mú fóònù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà, kí ó dúró bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, kí ó wọn ìyára. Kí ó padà sí yàrá lójú ẹsẹ̀, kí ó tún wọ̀n ọ́n. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdájí nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń hanrun, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Bí ó bá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tí ó sì ń wọ́ nínú yàrá, ọ̀nà ilé ni ó bàjẹ́, kí a má wulẹ̀ bú ẹnikẹ́ni lóde. Bí ó bá ń wọ́ níbi méjèèjì, àní ní ìdájí pàápàá, nígbà náà ni kí a gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ tìjà tìjà. (Kí ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n rántí pé bíìtì ni àwọn tí ń ta dátà fi ń ka ìyára, báìtì ni a sì fi ń ka títóbi ìwé àti fídíò, bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Ẹni tí a tà ní mẹ́gábíìtì 40 tí ó rí mẹ́gábáìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a kò rẹ́ ẹ jẹ.)

Nísinsìnyí, kí ni ó ń ba ọ̀nà ilé jẹ́? Àwọn baba wa ní làákàyè nínú ìsọlórúkọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé rédíò alókùn wá sí Èkó ní ọdún 1935, àpótí kan ni ó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí o bá bú u, kò gbọ́. Bí o bá yìn ín, kò gbọ́. Orúkọ tí ó wá mọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ lára láàárín wa ni asọ̀rọ̀mágbèsì, n kò sì rí orúkọ tí ó bá ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tí a ń hù sí ráútà lónìí, ìwà ẹni tí ó rò pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni òun náà ni. A rò pé bí ohùn rẹ̀ bá ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó parí. A ó wo àmì kékeré tí ó wà lókè fóònù, a ó rí i pé ó kún, a ó ní: “Ṣé ẹ rí i? Wáìfáì kún, dátà ni kò tó.”

Irọ́ ni àmì yẹn ń pa fún wa, tàbí kí n wí pé ìdajì òótọ́ ni ó ń sọ. Rédíò ni ráútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n rédíò tí ó ń gba èsì ni. Gbogbo ẹyọ ọ̀rọ̀ tí ó bá fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, ó ń retí kí fóònù náà dáhùn pé “mo ti gbọ́.” Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, yóò tún un sọ. Bí kò bá tún gbọ́, yóò fa ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì dín ìyára ẹnu rẹ̀ kù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rọra bá àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti wúwo sọ̀rọ̀, sílébù kan tẹ̀lé èkejì. Ìyẹn ni ó ń jẹ́ kí ìyára kan náà tí ó wọ inú ráútà di ìjàpá kí ó tó dé yàrá ìkẹyìn. Àmì tí ó kún lójú fóònù ń sọ fún ọ pé o ń gbọ́ ráútà. Kò sọ fún ọ pé ráútà ń gbọ́ ọ. Fóònù kéré, bátìrì rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ náà kò tó ti ráútà.

Nítorí èyí ni mo fi ń bá àwọn tí ń kiri ọjà “Wáìfáì alágbára” jà. Wọ́n á ní kí a ra ráútà tí ohùn rẹ̀ lágbára ju èyí tí a ní lọ. Bí a bá sọ ohùn ráútà di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣé ohùn fóònù tí ó wà lọ́wọ́ mi yóò ga sí i ni? Kí baálẹ̀ dúró lórí òkè kí ó máa fi ìwo pe ará oko. Ará oko gbọ́, ó dáhùn, afẹ́fẹ́ gbé ohùn tirẹ̀ lọ, baálẹ̀ sì ń pariwo síbẹ̀. Ohun tí a nílò ni kí baálẹ̀ sún mọ́ ará oko.

Ibẹ̀ gan-an ni a sì ti hùwà tí ó kọjá òye mi. Ẹ wo ibi tí a ń gbé ráútà sí. Ní àwọn ilé tí mo ti dé, mo ti bá a nínú kábínẹ́ẹ̀tì onírin ní ọ́fíìsì alábòójútó, tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Mo ti bá a nílẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì. Mo ti bá a ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́fà sì to tẹ̀lé ara wọn níwájú rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Irin a máa dá ìgbì rédíò padà; omi a máa gbé e mì; ògiri búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tí ọ̀pá irin wà nínú rẹ̀ a máa ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì. Àní bí kò tilẹ̀ sí ògiri kankan, lórí pápá gbalasa, bí o bá sọ jíjìnnà rẹ sí ráútà di ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin agbára tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò kù. Ẹ wá fi kábínẹ́ẹ̀tì, fíríìjì àti dúrọ́ọ̀mù lé e.

A ó ní olè ni a ń bẹ̀rù. Mo gbà, olè wà. Ṣùgbọ́n kí a fi owó wa ra ohun kan, kí a wá tì í mọ́ ibi tí kò ti lè ṣe wá ní àǹfààní nítorí kí olè má ba à rí i lò, ṣé kì í ṣe pé àwa fúnra wa ti bá olè ṣe é tán? Ẹ gbé e sókè sí àjà ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí káfíńtà fi pátákó ṣe àpótí kékeré sí i lára, kí ó kàn án. Pákó gbígbẹ kì í dí rédíò lọ́wọ́ tó irin.

Kí a sì wo bí ìwo ráútà ṣe dúró. Bí ìwo náà bá nàró gangan, ìgbì tí ó ń jáde lára rẹ̀ kì í rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Bí òṣùká ni ó rí, tí ìwo náà wá gba àárín ihò òṣùká kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fẹ̀ sí jù. Ohun tí ó ń lọ sí òkè tààrà kò tó nǹkan. Nítorí náà ẹni tí yàrá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gangan lórí ráútà tí ó wà nísàlẹ̀, lè máa jẹ ìyà ju ẹni tí ó wà níkángun ìsàlẹ̀ lọ, kí ó sì máa rò pé èèdì ni. Bí ìwo bá jẹ́ méjì, kí a jẹ́ kí ọ̀kan nàró, kí a sì dùbúlẹ̀ èkejì. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkànnì ni ó kù, èyí tí ó sì jọ ọjà alẹ́ jù lọ. Ìgbì tí gbogbo ráútà àtijọ́ àti fóònù olówó pọ́ọ́kú ń lò wà ní 2.4 GHz. Wọ́n pín ibẹ̀ sí ìkànnì 1 títí dé 13, ènìyàn a sì rò pé ilé mẹ́tàlá ni, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. MHz 5 péré ni ó wà láàárín ìkànnì kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ráútà kan ṣoṣo ń fẹ́ nǹkan bí 20. Nítorí náà 1, 6 àti 11 ni wọ́n ń yàn, kí wọ́n má ba à fara kan ara wọn. Ẹni tí ó bá rò pé òun gbọ́n, tí ó lọ mú 3 nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó ti na ẹsẹ̀ kan sórí 1, ó na èkejì sórí 6, ó ń yọ àwọn méjèèjì lẹ́nu, wọ́n sì ń yọ òun náà lẹ́nu. Àwọn tí ó wà lórí ìkànnì kan náà ń gbọ́ ara wọn, wọ́n sì lè ṣe é ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Èyí tí ó dúró láàárín ariwo lásán ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n á wọ inú ètò ráútà lọ, tí wọ́n á yan 40 MHz ní 2.4 GHz nítorí pé nọ́ńbà náà tóbi. Ìwọ̀ra ni èyí: ẹnì kan ti tẹ́ ẹní sí ìdajì ọjà.

Kí ni a sì ń ṣe nígbà tí ráútà ilé bá ń wọ́? Olúkúlùkù a tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù tirẹ̀. Ráútà kékeré ni họ́tísípọ́ọ̀tì. Bí yàrá ogójì bá tan ogójì, òǹtajà ogójì ni ó tún wọ ọjà tí ó ti kún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pariwo lórí ìkànnì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà a ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa! Ẹ sì fi ààrò máíkírówéèfù kún un, èyí tí ó ń fi 2.45 GHz sè oúnjẹ ní ìdí ògiri, ní àdúgbò kan náà.

Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan wí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1971, ní Yunifásítì Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rédíò so àwọn ibi tí ó wà ní oríṣiríṣi erékùṣù mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ìkànnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lẹ́nu rẹ̀ a sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá forí gbárí, àwọn méjèèjì a dúró díẹ̀, wọn a tún un sọ. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tí ó lè kọjá dáadáa, nígbà tí ó bá pọ̀ jù, kò ju nǹkan bí 18 nínú 100 lọ. Ìyókù ìforígbárí àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ yẹn ni Wáìfáì tẹ̀lé tí ó fi ń kọ́kọ́ dẹtí kí ó tó la ẹnu. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà sì ni ALOHA, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará erékùṣù náà fi ń kí ara wọn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílẹ̀, wọ́n fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ, kò sì sí ẹni tí ó ní kí èdè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ìgbà tí yóò sọ ọ́, àti bí a ṣe mọ̀ pé ó ti gbọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ti ta ni?

Ohun kan wà tí ó ń bí mi nínú ju gbogbo èyí lọ. Níbi ìpàdé kan ni àwọn kan ti dìde tí wọ́n ní àwọn tí ń lo fóònù àtijọ́ ni wọ́n ń fa gbogbo ilé sẹ́yìn, kí a lé wọn kúrò lórí Wáìfáì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà burú. Afẹ́fẹ́ kan náà ni a ń pín; ẹni tí fóònù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ a máa gba àkókò púpọ̀ láti sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìlànà 802.11b ti ọdún 1999, tí kò kọjá mẹ́gábíìtì 11, ni ó ń fa ọjà sẹ́yìn gan-an. Láti ọdún 2003 ni 802.11g ti dé pẹ̀lú 54, 802.11n sì tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Fóònù wo lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wo ni ó dàgbà ju ọdún 2003 lọ? Ẹ pa ìyára àtijọ́ yẹn nínú ètò ráútà, bóyá ni ẹyọ ẹnì kan yóò fi mọ̀ pé ó kú. Èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní fóònù àtijọ́ ni fóònù ọmọ tálákà tí ó ń lo 2.4 GHz nìkan. Òun náà dá owó, iye kan náà ni akápò sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olówó tí fóònù wọn ń gbọ́ 5 GHz ni ó yẹ kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀! Ìkànnì tí kì í fara kan ara wọn pọ̀ ní 5 GHz ju mẹ́ta lọ dáadáa. Kì í la ògiri kọjá dáradára, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé tí yàrá fara ti yàrá, oore ni èyí, nítorí ariwo aládùúgbò náà kì í la ògiri wọlé. Bí àwọn tí ó ní ọ̀nà mìíràn bá ṣí lọ, ojú ọ̀nà àtijọ́ yóò tú fún ẹni tí kò ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ lórí àpótí kékeré tí wọ́n ń fi há ògiri, èyí tí a ní yóò “fa Wáìfáì gùn.” Èyí tí rédíò kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ó tó tún un sọ, lórí ìkànnì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ kan ń gba afẹ́fẹ́, nítorí náà ìyára a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Wáyà ni kí a fà láti ráútà àkọ́kọ́ lọ sí òmíràn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ọ̀kan wà lórí 1, kí èkejì wà lórí 6, kí ohùn àwọn méjèèjì má sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. A ń ra wáyà lẹ́ẹ̀kan. Sáà dé sáà ni a ń ra dátà.

N kò sọ pé ilé-iṣẹ́ dátà kì í jẹ̀bi láéláé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tiwa náà nínú wọn. Lọ́jọ́ náà, bí a gbé ráútà ka orí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ohun tí ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa ní orúkọ, gbogbo ayé a sì mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó ń ṣe wá ní agogo mẹ́jọ alẹ́ gbogbo kò dé Abidjan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ akápò àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n wọn ìyára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà àti nínú yàrá mẹ́ta, ní ìdájí àti ní alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí gbogbo wa kà á. Kí wọ́n sọ ìkànnì tí ráútà wa wà fún wa. Kí wọ́n gba iye owó wáyà àti iṣẹ́ káfíńtà wá. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn tán tí ìyára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà kò sì tó, kí wọ́n wá sí yàrá mi, n ó san owó tèmi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ kábínẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n mú wá, kì í ṣe ìwé owó.